Kòtò Ẹja Àrọ̀: Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe Kí Ọmọ Ẹja Tuntun Tó Wọ̀ Ọ́

Ọjọ́ tí a bá ta ẹja tán ni iṣẹ́ ẹja tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olóko ẹja kì í rí i bẹ́ẹ̀. Owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kòtò ṣófo, ọkàn sì ti ń sáré pé kí ọmọ ẹja mìíràn tètè balẹ̀. Wọ́n á fa omi àtijọ́ jáde láàárọ̀, wọ́n á fa tuntun sí i nírọ̀lẹ́, ọmọ ẹja á dé lọ́jọ́ kejì. Tí òkú bá bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tó ta ọmọ ẹja ni wọ́n á dá lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìsàlẹ̀ kòtò ni ẹ̀bi náà wà, nínú ẹrẹ̀ dúdú tí wọn kò kó àti ilẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kó rí oòrùn.

Kòtò ilẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún, irú èyí tí wọ́n gbẹ́ sí àbàtà àti etí odò káàkiri Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú, Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹni tó ń lo táńkì kọnkéré tàbí tapólì lè fo ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ àti láìmù (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí a ń fọ́n sí ilẹ̀ kòtò), kó lọ ka apá tó sọ nípa omi àti bí a ṣe ń da ọmọ ẹja.

Kí ìṣirò má baà dàrú mọ́ wa lójú, kòtò kan náà la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ: 20 mítà ní gígùn, 15 mítà ní fífẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 300 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ fi okùn wọn tiyín gan-an. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀, nítorí gbogbo iye láìmù àti iye ẹja tó ń bọ̀ yìí, orí ìwọ̀n yẹn ló dúró lé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ń gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sí i. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta ni oòrùn máa ń bá wa ṣiṣẹ́ dáadáa. Kòtò tí a bá da ẹja sí ní oṣù Kejì, tí ẹja inú rẹ̀ jẹun fún oṣù mẹ́fà, oṣù Kẹjọ ni yóò tà, kí omi oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá tó wá gba orí bèbè kọjá. Àárín ọyẹ́ kò dára fún dída ẹja, torí omi á tutù lóru, ọmọ ẹja kò ní jẹun dáadáa. Àmọ́ ìgbà ọyẹ́ gan-an ló dára jù láti fi gbẹ kòtò.

Ẹja àtijọ́ kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù

Àrọ̀ kì í tètè kú tí omi bá gbẹ mọ́ ọn. Ó ní ẹ̀yà ara kan lókè etí rẹ̀ (ibi tí ẹja fi ń mí nínú omi) tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, bí àwa èèyàn ṣe ń mí. Ìdí nìyẹn tó fi lè rì mọ́nú ẹrẹ̀ tútù fún ọjọ́ púpọ̀, tí a ó sì rò pé kòtò ti ṣófo. Tí omi tuntun bá dé, ó jáde, ebi sì ń pa á. Ọmọ ẹja tí a fowó rà ni yóò máa gbé mì lóru, láìsí òkú kankan tí yóò léfòó fún wa láti kà. Ẹni tó da 2,000 sómi tó wá kó 1,200 láìrí òkú, ibí yìí ni kó kọ́kọ́ wò.

Ẹ fa omi kúrò títí yóò fi ku nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ wá wọ́ àwọ̀n láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí òjé ìsàlẹ̀ àwọ̀n sì máa fara kan ilẹ̀. Níbi tí àwọ̀n bá ti gbé sókè díẹ̀ báyìí, àrọ̀ á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan síbi tó rẹlẹ̀ jù nínú kòtò, kí ẹ ki ẹnu páìpù pọ́ńpù bọ̀ ọ́, kí gbogbo omi tó ń sun lè máa ṣàn wá síbẹ̀. Bí omi ti ń tán lọ, kí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tò sórí ìlà kan, kí wọ́n máa fọwọ́ àti ẹsẹ̀ wá inú ẹrẹ̀ láti bèbè kan dé èkejì.

Iṣẹ́ kò tíì parí o. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ẹ padà lọ wo gbogbo ibi tí omi díẹ̀ dúró sí. Ibi tí omi ti ń hó díẹ̀díẹ̀ láìsí iná, tàbí tí ẹrẹ̀ ti ní ojú ihò roboto tó ń dán yinrinyinrin, àrọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá fọwọ́ pá a lórí dípò kó gbá a mú lẹ́yìn orí á gbọgbẹ́.

Epìyà náà kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Kò ní jẹ ọmọ ẹja tó ti tó ìka, àmọ́ yóò bímọ rẹpẹtẹ, yóò sì máa bá àrọ̀ jẹ oúnjẹ tí ẹ rà.

Ẹrẹ̀ dúdú

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí oòrùn ti kan ìsàlẹ̀ kòtò, ẹ sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, kí ẹ gé ẹrẹ̀ náà sísàlẹ̀ bí ẹni gé ẹ̀kọ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí ẹ gé. Òkè rẹ̀ á ní àwọ̀ eérú tàbí kó pọ́n rúsúrúsú, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Abẹ́ ìyẹn á dúdú bí èédú, á rọ̀ bí ògì, á sì máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Tí ṣọ́bìrì bá lọ síwájú sí i, á kan ilẹ̀ gidi: amọ̀ tó le, tí kì í rùn. Èyí tó wà láàárín yẹn, tó dúdú, ni ọ̀tá.

Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán, ìgbẹ́ wọn, òkú tó rì tí a kò rí àti ewé tó jábọ́ ló kó ara wọn jọ di ẹrẹ̀ yìí. Bí wọ́n ti ń jẹrà, wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi gbẹ. Níbi tí ọ́síjìn bá ti tán, májèlé ni ìjẹrà náà ń tú jáde: amóníà, àti gáàsì tó ń rùn bí ẹyin burúkú yẹn. Àrọ̀ sì fẹ́ràn láti máa tú ìsàlẹ̀ omi kiri. Ẹja ńlá lè fara da ohun tó ń tú sókè. Ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé kò lè fara dà á.

Tí ẹrẹ̀ dúdú náà bá ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ ní nínípọn, ẹ kó o. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yìí: 10 sẹ̀ǹtímítà lórí kòtò àpẹẹrẹ wa jẹ́ 30 kúbíìkì mítà ẹrẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 500 bárò tí a fi ń kó yanrìn. Nítorí náà, ẹ má kó o nígbà tó ṣì rí bí ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ débi tí yóò fi ṣeé gé ní bùlọ́ọ̀kù bùlọ́ọ̀kù. Á ti sún kì, owó alágbàṣe á sì dínkù. Tí kò bá tó 10 sẹ̀ǹtímítà, oòrùn àti láìmù lè yanjú rẹ̀.

Ẹ má dà á sórí bèbè. Òjò àkọ́kọ́ ni yóò wẹ̀ ẹ́ padà sínú kòtò. Ẹ gbé e jìnnà, ó kéré tán 10 mítà. Tó bá ti jẹ oòrùn tó oṣù kan, ajílẹ̀ gidi ni fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewédú. Àwọn tí omi iyọ̀ ń dé kòtò wọn kò gbọdọ̀ dà á sídìí ẹ̀fọ́, torí iyọ̀ inú rẹ̀ á pa á.

Níbi kíkó ẹrẹ̀ náà, ọwọ́ alágbàṣe lè wúwo jù. Amọ̀ tó le ní ìsàlẹ̀ yẹn ló ń di omi mú. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ kọjá dé yanrìn ti sọ kòtò rẹ̀ di asẹ́. Ẹ dúró tì wọ́n.

Oòrùn

Ọjọ́ 10 sí 14 oòrùn tó dára ni kòtò nílò. Ó ti gbẹ tó nígbà tí ilẹ̀ bá là tí ìka fi lè wọ inú rẹ̀, tí ẹni tó bá rìn lórí rẹ̀ kò sì rì ju ìlàjì ìka ọwọ́ lọ. Tó bá ti là báyìí, ẹ fi ọkọ́ tú u ní 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, kí afẹ́fẹ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ tún fi ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀ fún un. Ẹ ó rí i pé èyí tó dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í padà di pupa tàbí eérú. Ìyípadà àwọ̀ yẹn ni àmì tó dájú jù pé ìdọ̀tí ti ń jóná nínú ilẹ̀. Kí kòtò gbẹ títí di ìyẹ̀fun kò fi nǹkan kan kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó.

Ilẹ̀ kan wà tí oòrùn púpọ̀ ń bà jẹ́. Ní etí ọ̀sà àti ilẹ̀ tí omi òkun ń dé, ẹ wo bóyá amọ̀ tí ẹ hú jáde ní àpá pípọ́n bí ata ilẹ̀ pupa, rírẹ̀ dòdò bí iyeyè, ní àárín àwọ̀ eérú. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní imí ọjọ́ nínú, tí afẹ́fẹ́ bá sì ti kàn án, á di ásíìdì. Ẹ gbẹ ẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ fa omi sí i kó bo ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ fà á dànù. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí láìmù tó kàn án. Ẹni tó bá fo èyí á rí omi tó mọ́ gaara tó dùn ún wò, ẹja á sì máa kú nínú rẹ̀.

Kòtò àbàtà tí omi ń sun nísàlẹ̀ rẹ̀ kò lè gbẹ délẹ̀, pàápàá lásìkò òjò. Kò burú. Ẹ máa fa omi rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì kó gbogbo ẹrẹ̀ rírọ̀ tí agbára yín bá ká. Láìmù gbígbóná, tí a ó ṣàlàyé níwájú, ni yóò ṣe èyí tó kù.

Bèbè, páìpù àti àwọ̀n

Nígbà tí ilẹ̀ ń gbẹ lọ́wọ́ ni kí ẹ yí bèbè ká. Akàn, òkété àti gbòǹgbò igi tó ti jẹrà ló máa ń lu ú. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ amọ̀ bo ẹnu ihò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó parí. Ilé tí a fi itọ́ mọ ni, ìrì ni yóò wó o. Ẹ gbẹ́ ihò náà tẹ̀ lé e títí ẹ ó fi dé ìdí rẹ̀, kí ẹ wá máa da amọ̀ tútù sí i ní ìpele tó nípọn bí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ máa fi odó igi gún ìpele kọ̀ọ̀kan kí òmíràn tó gun orí rẹ̀. Bèbè gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi lọ ní 50 sẹ̀ǹtímítà nítorí òjò ńlá, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ àrọ̀ á wọ́ jáde lóru òjò. Ẹ gbin koríko ilẹ̀ sí i lórí kí ọ̀gbàrá má baà gbá a lọ; ẹ má gbin igi.

Ẹnu páìpù tí omi ń gbà wọlé nílò àpò àwọ̀n. Ẹ rán àwọ̀n ẹ̀fọn ní ìlọ́po méjì bí ìbọ̀sẹ̀, kó gùn tó mítà kan, kí ẹ dì í mọ́ páìpù pẹ̀lú rọ́bà inú táyà. Gígùn rẹ̀ ló ṣe pàtàkì: èyí tó kúrú á dí láàárín wákàtí kan, agbára omi á sì fà á ya. Ẹyin epìyà, ọmọ ejò omi àti ìṣáwùrú kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde, àwọ̀n tí ihò rẹ̀ kéré ju orí ọmọ ẹja lọ ni kí ó wà níbẹ̀, ẹ ó sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹja bá ti ń dàgbà.

Yí kòtò ká, ẹ fi àwọ̀n tàbí ọ̀rá tó ga tó mítà kan ṣe ọgbà, kí ẹ ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní 20 sẹ̀ǹtímítà. Kọ̀ǹkọ̀, ejò àti awọ́nríwọ́n ni ó ń dá dúró. Fún àwọn ẹyẹ apẹja, ẹ ta okùn gba orí omi kọjá ní mítà kan síra wọn fún oṣù àkọ́kọ́. Gbogbo àwọ̀n, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti bàtà tí ẹ fi ṣiṣẹ́ nígbà ẹja àtijọ́, ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ méjì gbáko.

Láìmù

Oríṣi méjì ni ẹ ó bá lọ́jà, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Láìmù oko jẹ́ òkúta ẹfun lílọ̀. Kì í jó ni, kì í gbóná. Ásíìdì ilẹ̀ ló ń pa. Láìmù gbígbóná ni wọ́n ti sun níná. Tí omi bá kàn án, á hó, á sì yọ èéfín. Òun ló ń pa kòkòrò, ẹyin àti ẹja tó sá pamọ́. Ẹ fi omi díẹ̀ kán ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ kan nínú agolo kí ẹ tó rà á: tí kò bá gbóná, ó ti gba ìrì nínú àpò, agbára rẹ̀ ti lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ilẹ̀. Ẹ bu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ojú ibi mẹ́wàá nínú kòtò, láti òkè dé 10 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ sá wọn gbẹ, ẹ gún wọn kúnná. Ẹ wọn ife kan ilẹ̀ àti ife kan omi dístílì sínú ike, ẹ rò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fi ìwé pH tàbí mítà pH wò ó. pH ni ìwọ̀n tó ń sọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó: 7 ni àárín, bó bá ṣe rẹlẹ̀ sí i ni ásíìdì ń pọ̀ sí i. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní ẹ̀ka ọ̀sìn ẹja àti ilé àyẹ̀wò ilẹ̀, bíi FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, lè ṣe èyí dáadáa fún ẹni tí kò ní irinṣẹ́.

Iye láìmù oko tó yẹ fún mítà onígun mẹ́rin kan nìyí:

- pH kò tó 5: 300 gíráàmù (90 kílò fún kòtò àpẹẹrẹ wa)
- 5 sí 5.4: 250 gíráàmù (75 kílò)
- 5.5 sí 5.9: 200 gíráàmù (60 kílò)
- 6 sí 6.4: 150 gíráàmù (45 kílò)
- 6.5 sí 7: 100 gíráàmù (30 kílò)

Tó bá ti kọjá 7, ilẹ̀ kò nílò láìmù oko. Ẹ fọ́n ọn kárí ìsàlẹ̀ àti inú ẹ̀gbẹ́ bèbè, kí ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní 5 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tó bá wà lórí lásán kì í ṣiṣẹ́ dáadáa.

Láìmù gbígbóná, ibi tó ṣì tutù ni kí ẹ dà á sí: ojú ihò omi, ẹsẹ̀ bèbè, ẹ̀bá páìpù, àti gbogbo kòtò tí kò lè gbẹ. 150 gíráàmù ni fún mítà onígun mẹ́rin kan. Tó bá jẹ́ pé àrùn ló pa ẹja tó kọjá, ẹ sọ ọ́ di 200. Fún kòtò àpẹẹrẹ wa tó tutù látòkè délẹ̀, ìyẹn jẹ́ 45 sí 60 kílò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, bàtà rọ́bà gígùn, ìbomú àti awò ojú. Ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn yóò ti máa gbé e lọ kúrò lọ́dọ̀ yín, kí awọ ara má sì tutù. Tó bá wọ ojú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí i láìdúró fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ wá gba ilé ìwòsàn lọ. Kí ọmọdé má sún mọ́ ibẹ̀.

Lẹ́yìn láìmù gbígbóná, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni kòtò á fi sinmi. Omi tó bá wọ̀ ọ́ ṣáájú ìgbà yẹn á le jù fún ẹja. pH rẹ̀ lè kọjá 10. Ẹ má sì da láìmù àti ìgbẹ́ adìẹ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Láìmù á lé amóníà jáde lára ìgbẹ́ náà: ohun tí ẹ rà láti fi bọ́ omi á fò lọ sínú afẹ́fẹ́, èyí tó kù nínú omi á di májèlé.

Omi

Ẹ má kún kòtò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fa 40 sẹ̀ǹtímítà sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi tín-ín-rín yìí ni oòrùn lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ewé omi tín-tìn-tín tí ojú kò rí, tó ń mú omi di àwọ̀ ewé, ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bọ́ omi, ẹ di 15 sí 30 kílò ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ sínú àpò ìrẹsì tó ní ihò, kí ẹ so ó mọ́ igi nígun kòtò kó rì dé àárín. Àwọ̀ náà á máa jáde bíi ti tíì. Tí omi bá ti yí, ẹ yọ àpò náà. Dídà tí àwọn kan ń da ìgbẹ́ tútù sómi kò dára rárá. Fún ẹni tó ń fi oúnjẹ oníhóró bọ́ ẹja láti ọjọ́ kìíní, ìgbẹ́ kò pọn dandan: láìmù tó tọ́ àti ọjọ́ díẹ̀ oòrùn máa ń tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi omi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó 1.2 mítà. Fún kòtò àpẹẹrẹ wa, ìyẹn jẹ́ 360,000 lítà. Pọ́ńpù tó ń fa 30,000 lítà ní wákàtí kan á ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12. Ẹ fi èyí sínú owó epo.

Omi kànga ẹ̀rọ mọ́ lójú, àmọ́ ọ́síjìn kì í sábà sí nínú rẹ̀, irin sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi lágbègbè wa. Tí ó bá gbé ìpẹtà pupa sára bọ́kẹ́ẹ̀tì, irin ni. Irin yìí á lẹ̀ mọ́ etí ẹja, kò sì ní lè mí dáadáa. Ẹ jẹ́ kí omi náà máa já láti òkè sórí páànù tí ẹ dá lu, kó tú ká bí òjò kó tó bọ́ sínú kòtò, kí ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ kí pupa náà lè rì.

Ìdánwò àwọ̀ omi rọrùn: ẹ dùbúlẹ̀ sórí bèbè, ẹ na apá sínú omi kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Tí ọwọ́ bá pòórá nígbà tí omi dé ìgbọ̀nwọ́, tàbí kọjá rẹ̀ díẹ̀, ó dára. Tó bá pòórá ní ọrùn ọwọ́, omi ti nípọn jù, ẹ fa díẹ̀ dànù kí ẹ fi tuntun sí i. Tí ẹ bá ṣì ń rí ìka yín nígbà tí omi ti dé èjìká, kò tíì tó. Ó yẹ kí pH wà láàárín 6.5 sí 8.5. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kùtùkùtù àti ní aago mẹ́ta ọ̀sán, torí oòrùn máa ń gbé e sókè lọ́sàn-án.

Kí omi tó kún má dúró lófo ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Lámilámi á yé sí i, ọmọ rẹ̀ á sì máa fi eyín ya ọmọ ẹja. Kọ̀ǹkọ̀ náà á yé sí i. Láràárọ̀, ẹ fi àwọ̀n ọwọ́ kó ẹyin rẹ̀ tó dà bí ìfófòó lẹ́bàá koríko kó tó di légbélégbé.

Kí ogún ẹja kọ́kọ́ wọ̀ ọ́

Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn rán àpótí kékeré, kí ẹ fi igi mẹ́rin gbé e dúró sínú omi kòtò. Ẹ ra ọmọ ẹja 20 péré, ẹ fi wọ́n síbẹ̀ fún wákàtí 48. Tí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá kú, tàbí tí wọ́n bá dúró gbọnrangandan lójú omi tí wọ́n ń pòùngbẹ afẹ́fẹ́, ẹ má sọ pé Ọlọ́run á ṣe é. Ẹ yí ìdajì omi náà padà, kí ẹ tún wọn pH, kí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Ogún ẹja ni ẹ pàdánù. Ẹgbẹ̀rún méjì ni ẹ gbà là.

Ọmọ ẹja

Fún kòtò ilẹ̀, ẹ má ra èyí tó kéré ju 10 gíráàmù lọ, èyí tí àwọn tó ń pa ẹyin ẹja ń pè ní juvenile. Èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ á di oúnjẹ kọ̀ǹkọ̀ àti ẹyẹ. Ẹ ka 100, ẹ wọn wọ́n pọ̀: kílò kan ni kó jẹ́, tàbí kó lé. Kí gbogbo wọn dọ́gba, torí èyí tó bá fi ìlọ́po méjì ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ á gbé e mì. Ẹ wo irùngbọ̀n wọn bóyá ó pé, awọ wọn bóyá kò ní àpá funfun, kí ẹ sì lu ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n: èyí tó yá á sá wọ ìsàlẹ̀ kíá.

Ẹja márùn-ún sí mẹ́wàá ni kí ó wà ní mítà onígun mẹ́rin kan níbi tí a kò ti ń yí omi padà déédéé. Méje ni a fara mọ́: 2,100 fún kòtò àpẹẹrẹ wa. Àwọn kan ń da 6,000 síbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ni wọ́n á rí àbájáde rẹ̀, nígbà tí oúnjẹ tí wọ́n ń rà bá ti pọ̀ jù tí omi sì ti di dúdú.

Kí ẹni tó ń tà á má fún wọn lóúnjẹ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ìgbẹ́ wọn má baà ba omi ìrìn àjò jẹ́. Ẹ gbé wọn ní kùtùkùtù tàbí nírọ̀lẹ́, nínú kẹ́ẹ̀gì tí a gé ẹnu rẹ̀, kí oòrùn má kàn án. Tí ẹ bá dé, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú omi kòtò fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ bu omi kòtò bí ìdámẹ́rin sí i, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún bu sí i, ẹ tún dúró. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹja fúnra rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ jáde. Ẹ má tú wọn dà bí ẹni tú omi ìfọṣọ.

Kò sí oúnjẹ ní ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fún wọn ní ìwọ̀nba díẹ̀ lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ní ojú kan náà, kí ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń gòkè. Kí ojú omi mọ́ lọ́jọ́ kìíní kò túmọ̀ sí pé kò sí èyí tó kú: ọmọ ẹja tó kú máa ń kọ́kọ́ rì, ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló ń léfòó. Ẹ yí bèbè ká láràárọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ fi àwọ̀n ọwọ́ kó òkú, ẹ kà á, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, ẹ̀gbẹ́ iye tí ẹ dà sómi.